Bọ́gà Mẹ́sàn-án Lójúmọ́

Iná ti lọ ní Ìbarà. Mo gbé fóònù ti ife omi,
tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wo ìwé mi bí ojú olùkọ́ tí kì í rẹ́rìn-ín.
Mo fa ìlà. Mo kọ ọ́ sókè: Bọ́gà kan ṣoṣo.

Búrẹ́dì roboto láti ọ̀dọ̀ Màmá Fọláwiyọ ní Kútọ̀,
àádọ́talérúgba, bí mo bá mú ogójì lẹ́ẹ̀kan.
Ẹran lílọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún,
ẹran Lafẹ́nwá ni o,
tí mo ti yọ ọ̀rá àti irọ́ alápatà kúrò nínú ìwọ̀n rẹ̀.
Tòmátì, àlùbọ́sà, ewé kábéèjì: àádọ́jọ
lásìkò òjò; ẹ má tíì bi mí léèrè ọ̀gbẹlẹ̀.
Ọbẹ̀ funfun inú ìgò àti pupa ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ọgọ́rùn-ún.
Gáàsì, ọgọ́rùn-ún.
Bébà tí a ó fi wé e, àádọ́ta,
èyí tí oníbàárà yóò jù sí gọ́tà Pánṣẹ́kẹ́ kó tó dé ìdí ọkọ̀.

Ẹgbẹ̀jọ ó dín àádọ́ta.
Bí mo bá tà á ní ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀,
ẹgbẹ̀rún ó dín àádọ́ta ń wò mí lójú, ó ń pè mí ní ìyá.
Mo ti ń ra fìríìjì ńlá lọ́kàn mi,
mo ti ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ògiri.
Owó orí ìwé kì í ta ni lójú bí àlùbọ́sà.

Ṣùgbọ́n Alàgbà Ṣóẹ̀tán tó ni ṣọ́ọ̀bù ò gbọ́ èdè oṣù,
ọdún ni wọ́n ń gbọ́: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta.
Mo pín in sí méjìlá, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta.
Ṣèyífúnmi tí yóò máa dáná, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta.
Bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀, ogójì.
Àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún lóṣù kí n tó rí kọ́bọ̀ ra ọṣẹ.
Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo máa ń ṣí;
bọ́gà mẹ́fà lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a,
ó ku ẹgbẹ̀sán náírà.
Ẹgbẹ̀sán péré! Bí ẹ̀gún inú bàtà.
Ó di méje.

Bàbá mi, akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì nígbà kan ní ibùdó rélùwéè Lafẹ́nwá,
tí kọ́bọ̀ ìjọba ò sọnù lọ́wọ́ wọn rí,
gba ìwé náà, wọ́n wa awò mọ́jú, wọ́n yọ bírò pupa.
Wọn ò ní mo gbọ́n, wọn ò ní mo gọ̀.
Wọ́n fi ìka tọ ìlà lọ sílẹ̀
bí ẹni ń wá èrò tó sùn kọjá ibùdó rẹ̀.
"A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè.
Adéṣẹ́wà, ta ni yóò wà nídìí alápatà láago márùn-ún ìdájí?"
Èmi ni, Bàbá.
"Ta ni yóò bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì?"
Èmi náà ni.
"Níbo lo wá kọ ara rẹ sí?"

Mo wá ara mi títí.
Búrẹ́dì wà níbẹ̀. Bébà wà níbẹ̀.
Àlùbọ́sà pàápàá ní ìlà tirẹ̀.
Wọ́n fi pupa kọ mí sísàlẹ̀:
ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta.
Wọ́n tún un pín. Méje di mẹ́sàn-án.
Mo ní, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?
Wọ́n dé bírò, wọ́n wọlé lọ sùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí síwájú ṣọ́ọ̀bù títì,
mo ń ka ẹsẹ̀.
Ọlọ́kadà kan ní ẹ̀wà ló ń gbé òun ró.
Ọmọge méjì béèrè iye, wọ́n gbọ́, wọ́n wo ara wọn.
Ọmọkùnrin kan nínú aṣọ iléèwé
bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo òkùnkùn lábẹ́ ilẹ̀kùn irin:
"Àǹtí, ìgbà wo lẹ máa ṣí?"
Ojú rẹ̀ ò jọ ojú ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀.
Síbẹ̀, mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
ọ̀kan.